Púlútò àti Àga Kẹsàn-án

Èmi fúnra mi ni mo dá òfin tó lé mi kúrò lórí àga. Kò sí ọ̀tá kankan tó ṣe é, ẹ má wulẹ̀ bá mi wá a kiri. Mo dìde láàárín ẹgbẹ́, mo ká ọwọ́ agbádá mi sókè, mo sọ̀rọ̀ tó já gaara, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí àtẹ́wọ́ yẹn yóò fi dákẹ́, gbogbo wọn ló níbi tí wọ́n máa jókòó sí, àfi èmi.

Iṣẹ́ àga onítìmùtìmù ni mò ń ṣe ní Kaduna. Bí àga rẹ bá ya, tí fóòmù inú rẹ̀ ti rí pẹlẹbẹ bí àkàrà àná, èmi ni kí o gbé e wá bá. Ìwé kẹfà ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rédíò àti ẹnu àwọn tó kàwé ni mo ti ṣà á, bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ẹni tó bá sì ń ṣa ìmọ̀ báyìí, á máa ṣa òkúta mọ́ ọn.

Àwa ọmọ ìlú kan náà tí a wà ní Kaduna ní ẹgbẹ́. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì wà níbẹ̀; àwọn kan ń gbé ní Kinkinau bíi tiwa, àwọn kan ń sọdá odò wá láti Nasarawa àti Ungwan Boro. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù là ń pàdé. Níwájú gbọ̀ngàn wa, àga mẹ́sàn-án ló wà fún àwọn àgbà, àwọn yòókù ń jókòó lórí àga oníke. Èmi ni mo fi awọ pupa bo mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, èmi ni mo fi fóòmù sí wọn. Kí n má purọ́, fóòmù ìkẹsàn-án nípọn ju ti àwọn tókù lọ díẹ̀. Èmi ni mo sì ń jókòó lórí ìkẹsàn-án. Ta ló ń se ọbẹ̀ tó ń fi ebi sùn?

Ẹni tó wà lórí ìkẹjọ ni ọkùnrin kan tó ń ta sípéà pátì ọkọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Á pẹ́ kó tó dé. Bó bá dé, á sùn. Bó bá sùn, èjìká mi ni ìrọ̀rí rẹ̀, á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyẹn nìkan kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó jí láàárín oorun, ó sọ lójú gbogbo èèyàn pé àga tí mo ṣe ń ké bí ọmọ ológbò. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí ọkùnrin náà yóò fi kúrò lórí àga yẹn.

Ojú ọ̀run ni ọ̀nà náà ti wá.

Èmi àti ìyàwó mi ń gbé nínú ọgbà ẹ̀gbọ́n mi ní Kinkinau. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́lé síwájú, tiwa ni yàrá méjì tó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Èmi ò fi í sọ́kàn, òun ló fa wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án, àga àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì. Bí a bá sọ Yorùbá sí ọmọ náà, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ bó bá fẹ́ dáhùn, Haúsá á ti gba iwájú, Gẹ̀ẹ́sì á tẹ̀ lé e, Yorùbá á wá máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Èmi nìkan ló máa ń fi Yorùbá dá lóhùn látòkè délẹ̀. Ó ní mo máa ń pa òun lẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2007, a kírun Màgáríbì tán, iná ò sí, a tẹ́ ẹní síta, à ń jẹ ẹ̀pà. Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó tín-ínrín bí èékánná, ìràwọ̀ ńlá kan sì ń tàn yanranyanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn. Èmi náà fẹ́ fi hàn pé mo mọ nǹkan.

“Wo Àgùàlà,” mo ní. “Ajá òṣùpá nìyẹn.”

“Haba, Bàbá kékeré!” Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí èmi ni àbúrò bàbá rẹ̀. “Ajá ta ni?”

“Ti òṣùpá. Ṣé o ò rí bó ṣe ń tẹ̀ lé e ni?”

“Kò tẹ̀ lé ẹnì kankan. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bíi Ayé tiwa yìí. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń tọ̀, oòrùn ló ń yí po. Òṣùpá yẹn gan-an ni kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì, torí àwa ló ń yí po bí ọmọ ọ̀dọ̀.”

Ẹni tí mo pè lájá ló nílé, ẹni tí mo pè lọ́gàá ló ń bá wa gbé. Mo wá rántí pé àwọn àgbà kúkú ti wí i: Àgùàlà ń bóṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n ṣebí ni wọ́n wí. Èmi ni mi ò gbọ́ òwe dé ìdí.

“Ó dáa,” mo ní, kí n má bàa ṣubú pátápátá. “Mẹ́sàn-án ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì náà, àbí? Ìyẹn mo mọ̀ láti ilé ìwé.”

“Mẹ́jọ ni. Wọ́n ti yọ Púlútò.”

Ẹ̀pà há mi lọ́fun. “Wọ́n yọ ọ́? Kí ló jí?”

“Kò jí nǹkan kan.”

“Kò jí nǹkan kan, wọ́n sì yọ ọ́! Irú ìlú wo nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa ṣáṣá ìgbálẹ̀ kan yọ, ó fi fa ìlà roboto roboto sínú yanrìn. Ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá sáàárín, ó ní oòrùn nìyẹn. Ó wá ń fi ẹ̀pà sórí àwọn ìlà náà, ẹyọ kan fún ìlà kan. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ló dà síbẹ̀.

“Púlútò wà nínú ìyẹn,” ó ní. “Ẹ mú un jáde.”

Mo wo ẹ̀pà. Gbogbo wọn jọra.

“Ẹ rí i báyìí? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, òun nìkan ni wọ́n rí lójú ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n wá kà á mọ́ àwọn tókù. Nígbà tó yá, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run dára sí i, wọ́n rí òmíràn, wọ́n tún rí òmíràn. Wọ́n wá rí ọ̀kan tí òun àti Púlútò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Tẹ́ ẹ bá pe Púlútò ní pílánẹ́ẹ̀tì, kí lẹ máa pe ìyẹn? Ṣé káwọn ọmọ mi ní kíláàsì máa ka orúkọ lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?”

“Kí wọ́n kà á,” mo ní. “Ṣebí ilé ìwé ni wọ́n wá.”

“Kì í ṣe òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Láyé àtijọ́, kékeré kan wà láàárín Máàsì àti Júpítà tí wọ́n ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n rí ogunlọ́gọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Torí náà, wọ́n ní nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé lára ẹni tó bá máa jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ oòrùn ló ń yí po. Èkejì, kó tóbi débi pé ìwúwo ara rẹ̀ á ti fà á roboto. Òkúta kékeré lè rí gbágungbàgun, pílánẹ́ẹ̀tì ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó ti gbá ọ̀nà tó ń tọ̀ mọ́.”

“Kó gbá a mọ́ báwo? Ó ní ìgbálẹ̀ ni?”

“Kó jẹ́ òun ni àgbà níbẹ̀. Ohun tó bá wà lójú ọ̀nà yẹn, ó ti gbé e mì, tàbí ó ti lé e lọ, tàbí ó ti sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀yìn. Púlútò yege nínú méjì. Ẹ̀kẹta ló gbé e ṣubú. Àárín èrò ló ń gbé, ó sì tún máa ń wọ ojú ọ̀nà Nẹ́pítúùnù, bẹ́ẹ̀ Nẹ́pítúùnù jù ú lọ fíìfíì.”

“Ta ló wá dá ẹjọ́ náà?”

“Ìpàdé ni. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti gbogbo ayé. Wọ́n jiyàn títí. Ọjọ́ tí ìpàdé parí ni wọ́n tó nawọ́ sókè, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lọ sílé nígbà yẹn. Títí dòní, àwọn kan nínú wọn ò gbà.”

“Ẹ̀n ẹ́n! Àwọn tó dúró jẹun ló dìbò.”

“Bàbá kékeré!”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Kì í ṣe Púlútò ló ká mi lára o. Ohun tí mo gbé sùn ni pé èèyàn lè yọ ẹni tó ti ń jókòó síbì kan látọjọ́ pípẹ́, láìjà, láìta, bó bá ti ní òfin mẹ́ta lọ́wọ́, tó sì ní sùúrù títí èrò fi lọ sílé.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, mo ṣe bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Bí ìrun Àsárì bá ti ń súnmọ́, àwọn èèyàn á máa dìde ní méjì méjì. Àwọn ará Ungwan Boro náà á máa sáré kí ọkọ̀ má bàa wọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ìyá àgbà wa tó ń jókòó lórí àga kejì, obìnrin tó ti ń fi abọ́ mùdù wọn ẹ̀wà tà láti ìgbà tí mi ò tíì mọ Kaduna, òun náà lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sápò. Ìgbà yẹn ni mo dìde, mo kọ́kọ́ ròyìn bí wọ́n ṣe yọ Púlútò láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” mo ní, “àga iwájú kì í ṣe àga oorun. Ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀, kí nǹkan mẹ́ta pé lára rẹ̀. Kó máa wá sípàdé. Kó jẹ́ ẹni roboto, kí ìwà rẹ̀ má ní igun tó ń gún ọmọnìkejì.” Mo wo oní-sípéà. Ó ń sùn.

Méjì yẹn ti tó. Ká ní mo jókòó níbẹ̀ ni, mi ò bá má rí nǹkan kan sọ lónìí. Ṣùgbọ́n méjì ò kún ẹnu. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ọmọ Yorùbá wo ló wá máa fi ààrò méjì gbé ìkòkò kaná lójú èrò? Ahọ́n mi ń wá ẹ̀kẹta, ó sì rí i. Mo ní, “Kó sì jẹ́ òun ni àgbà nínú ọgbà tó ń gbé.”

Àtẹ́wọ́! Ẹnì kan kígbe pé, “Kai, bàbá yìí jinlẹ̀!” Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Mo tún agbádá mi ṣe, mo fẹ́ jókòó. Akọ̀wé tún yọ gíláàsì rẹ̀ lápò, ó fi sójú.

“Ó ti dòfin,” ó ní. “Ká wá yẹ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà dé ibi yíyẹ̀wò.

Wọ́n yẹ wọ́n wò títí wọ́n fi dórí oní-sípéà. “Ó ń wá sípàdé?” “Ó ń pẹ́, àmọ́ kò pa ọ̀kan jẹ rí.” “Ìwà rẹ̀ ní igun?” “Ẹni tó ń sùn, igun wo ló ní?” Ẹ̀rín sọ. “Ọgbà tó ń gbé ńkọ́?” “Òun ló ni ín.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yege láìlajú.

Akọ̀wé yíjú sí mi. “Ó ń wá sípàdé?” “Ó ń wá.” “Ó rí roboto?” Gbogbo gbọ̀ngàn wo ikùn mi. “Roboto ni, wallahi! Roboto délẹ̀!” Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ èmi. “Ta wá ni àgbà nínú ọgbà tó ń gbé?”

Ojú gbogbo wa lọ sórí àga àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Áà, ẹ̀gbọ́n mi ni Nẹ́pítúùnù.

Ìgbà náà ni oní-sípéà tó jí. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Wọ́n yọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ta ni mo wá máa fara tì?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ọmọ wa obìnrin ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Àwọn òbí ọkọ ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá mọ̀ wá, ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa bá. Ìyàwó mi ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, etí mi ló ṣe. “Ẹ má wulẹ̀ wá ilé wa kiri,” ó ní. “Ẹ wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, ẹ wo àga mẹ́sàn-án tó wà níwájú. Ọkọ mi wà lórí ọ̀kan.” Bí wọ́n bá wá bá mi lórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà, kí ni wọ́n máa rò pé a jẹ́? Kí ni ìyàwó mi máa fi mí ṣe?

Mi ò sọ fún un. Bó bá ti dárúkọ ìpàdé, ikọ́ á gbé mi. Bí mo bá ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn, mà á fa fìlà bojú, bí ẹni pé gbọ̀ngàn lè pe orúkọ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró níwájú yàrá wa méjì, mò ń fi ojú wọn ilẹ̀, mò ń rò ó bóyá bí mo bá mọ ògiri kékeré yí wọn ká, á di ọgbà, mà á sì di àgbà inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Kí lò ń wá níbẹ̀?” Mo ní adìẹ kan ló sọnù. A ò ní adìẹ.

Ìyàwó mi gbọ́ níbi tó ti lọ dirun. Ó wọlé, ó bọ́ gèlè, ó jókòó.

“Bàbá wọn, mo gbọ́ pé ẹ ti di ìràwọ̀.”

“Ìràwọ̀ kọ́. Pílánẹ́ẹ̀tì.”

“Wọ́n ní ẹ kì í ṣe ìyẹn náà mọ́.”

Mo fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ gbé ikọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Kí àwọn àna wa bá yín lórí àga yẹn.”

Mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. “Ìwọ lo kó mi sí i,” mo ní. Ó bẹ̀ mí, àmọ́ ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. “Bàbá kékeré, wọn ò lé Púlútò kúrò lójú ọ̀run o. Ó ṣì ń yí oòrùn po bó ṣe ń yí i po tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì aràrá báyìí ni.”

“Ó dáa,” mo ní. “Bí àwọn àna mi bá dé, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀: bàbá ìyàwó ò sọnù, aràrá ni.”

Ọjọ́ pé. Mo bá àga kẹsàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbé kúlà omi lé e lórí. Àánú fóòmù yẹn ṣe mí. Mo lọ jókòó sórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, kò bojú wẹ̀yìn. Mo ń gbàdúrà kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ bàjẹ́ lọ́nà, kì í ṣe ìbàjẹ́ ńlá, táyà lásán ti tó.

Táyà kankan ò jò. Àwọn àna wa wọlé, bàbá àti ìyá, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ tààrà síwájú. Bàbá dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fi ojú ka àwọn àga.

“Ẹ̀yin àgbà, a kí yín o. Wọ́n ní mẹ́sàn-án ni yín. Mẹ́jọ la bá. Níbo ni àna wa wà?”

Mo tún fa fìlà bojú. Akọ̀wé wú ikọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, òfin kan ló wà…” Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Oní-sípéà nìkan lara rẹ̀ yá. Ojú rẹ̀ là rekete, torí kò rí ẹni fara tì. Ó na ìka sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ wẹ̀yìn, sà. Púlútò yín ló jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àna mi ní, “Ta ni Púlútò?”

Ìyá àgbà ẹlẹ́wà, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò, gbọ́wọ́ sókè. “Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.” Ni wọ́n bá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, dìde. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, oòrùn, roboto, ọ̀nà gbígbá, dórí òfin tí mo fi ẹnu ara mi dá. Haúsá ń yọjú, ó ń tì í padà. Ìyá tẹ́tí títí ó fi parí.

“Mẹ́jọ ni wọ́n wá kà?”

“Mẹ́jọ, mà.”

“Èyí tí wọn ò kà yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“Ó sì ń bá wọn yí?”

“Ó ń bá wọn yí, mà.”

Ìyá gbọn ìdí ìró rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tajà tán. “Ẹ gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi mùdù wọn ẹ̀wà nílùú yìí. Bí mùdù bá kún, mo kà á. Lẹ́yìn náà, mà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Àwa ń pè é ní ènì, àwọn Haúsá ń pè é ní gyárà. Èmi ò kà á, ẹni tó ń rajà ò kà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ wò! Wọ́n á pariwo mi látinú ọjà délé.” Ó nawọ́ sí mi. “Mẹ́jọ pé. Eléyìí, ènì ni. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, gbé kúlà yẹn kúrò, kí o gbé àga rẹ̀ wá.”

Oní-sípéà fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó gbé e ti tirẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, mo sì rí i tó ti ń wo èjìká mi. Bàbá àna mi wá pàdé mi láàárín gbọ̀ngàn, ó dì mọ́ mi. Mo jókòó. Àga náà ké bí ọmọ ológbò.

Akọ̀wé ṣì ń yí bírò lọ́wọ́. “Ìyá, kí ni kí n wá kọ? Mẹ́jọ ni, àbí mẹ́sàn-án?”

“Kọ mẹ́jọ,” Ìyá ní. “Kó jókòó. Ẹ ṣáà má kà á.”